Kí Ló Ń Mú Ẹni Tí Ìrora Ti Di Bárakú Sí Lára Yarí Bí A Bá Dárúkọ Ọpọlọ?

Ẹni tí ẹ̀yìn ti ń dùn fún ọdún mẹ́ta, tó ti ya X-ray, tó ti lo gbogbo oògùn ìrora tó wà ní kẹ́mísì Lágere, bí ẹ bá sọ fún un pé ọpọlọ ni kò jẹ́ kí ìrora náà lọ, ìbínú ni yóò fi dìde. Àwọn kan á ní agídí ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn tọ́ sí i.

Ní Ifẹ̀ níbí àti ní Iléṣà, kí wọ́n dárúkọ ọpọlọ sí àìsàn èèyàn, wèrè ló ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Owó ìtọ́jú náà kì í sì í ṣe ti aláìsàn nìkan. Ẹ̀gbọ́n fi tirẹ̀ ránṣẹ́ láti Èkó, ọmọ fi tirẹ̀ kún un, ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì dá díẹ̀. Bó bá wá délé tó ní dókítà sọ pé egungun òun kò ṣe nǹkan kan, ta ni yóò tún dáwó? Ẹ wo ìyàwó ilé tí kò lè bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ mọ́, tí ìyá ọkọ ti ń wò ó bí ọ̀lẹ. X-ray tó ká sínú àpò ìwé yẹn ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tó ní pé òun kò purọ́. Ohun tó rí ni pé ẹ fẹ́ gba ẹ̀rí náà lọ́wọ́ òun.

Ibi tó ń dùn mí jù rèé: dókítà á ní òun kò rí nǹkan kan, ẹnì kan nínú ilé á ní, “Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ojú lásán?” Ó parí. Wọ́n á di orí òkè, wọ́n á dé ilé aláwo, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ẹni tí wọ́n jọ ń tajà. Oorun á dá lójú rẹ̀, ẹ̀rù á gbà á, méjèèjì á sì máa bu epo sí ìrora náà.

Báwo lẹ̀rù ṣe ń dá kún ìrora? Ìrora tó bá ti kọjá oṣù 3 ni àwọn oníṣègùn ń pè ní bárakú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tó farapa á ti jinná tipẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá ẹ̀yìn (okùn iṣan tó gba inú egungun ẹ̀yìn lọ sí ọpọlọ) àti ọpọlọ kò tíì sinmi. Lọ́dún 1983 ni Clifford Woolf, onímọ̀ tó ń ṣèwádìí ìrora, fi hàn lára eku pé ìfarapa lè ru ọ̀pá ẹ̀yìn sókè débi pé ìfọwọ́kàn lásán á máa fa ohun tó yẹ kí egbò fà. Ajá tí olè ti wọlé olówó rẹ̀ rí ni, tó wá ń gbó mọ́ ọmọ ilé. Gbígbó náà kì í ṣe irọ́, olè ni kò sí níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ṣì ń sọ pé ìka ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ ń ta òun. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní òpùrọ́. Ẹni tó bá sì ń bi ara rẹ̀ pé, “Ṣé èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á ni?”, ẹ dá a lóhùn pé kò sẹ́ni tó ń pàṣẹ fún ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní ti àwòrán ẹ̀yìn, ẹ má já a gbà. Ẹ sọ èyí fún wọn: lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí kó àyẹ̀wò ẹ̀yìn àwọn èèyàn tí nǹkan kan kò dùn jọ. Nínú àwọn ọmọ 20 ọdún, díìsìkì (ìrọ̀rí tó wà láàárín egungun ẹ̀yìn) àwọn ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún ti ń gbó. Nínú àwọn ẹni 80 ọdún, ìdá 96. Kí wọ́n gbọ́ ọ kí wọ́n tó lọ yà á ló dáa jù. Bí wọ́n bá ti ka “egungun ti jẹ” tán, ó ti pẹ́ jù.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kan ọpọlọ, àyẹ̀wò gidi ló ṣáájú. Ìdí mìíràn tí àwọn èèyàn fi ń yarí ni pé wọ́n mọ ẹni tí wọ́n fọ̀rọ̀ yìí lé lọ, tó sì wá já sí àìsàn gidi. Bí ìtọ̀ bá ń dá tàbí tó ń dà fúnra rẹ̀, bí àárín itan bá kú tìpìrì, bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n gba ilé ìwòsàn Yunifásítì n’Ífẹ̀ tàbí Wesley Guild ní Iléṣà lọ. Ibà àti òógùn òru pẹ̀lú ara tó ń rù lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ egungun ẹ̀yìn. Ẹni tó jẹ́ SS tí ìbàdí ń dùn, orí egungun itan rẹ̀ lè ti kú nítorí ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀. Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ ọpọlọ fún un kí ẹ tó wò ó.

Bí gbogbo ìyẹn bá mọ́, ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún aláìsàn nìyí: ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìrìn. Ìṣẹ́jú mélòó lẹ lè rìn lọ́jọ́ tí ara kò dáa, kí ìrora tó le sí i? Bó bá jẹ́ 10, ẹ fi 8 bẹ̀rẹ̀. 8 yẹn lẹ ó rìn lójoojúmọ́, ọjọ́ tó dáa àti ọjọ́ tí kò dáa, kẹ́ ẹ wá fi ìṣẹ́jú 1 kún un lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tó dáa ló ń ba nǹkan jẹ́. Ara á fúyẹ́, wọ́n á ru iṣu láti ọjà Atákúnmọ́sà délé, wọ́n á wá dùbúlẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á ní ìrìn kò bá àwọn lára mu.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ìṣẹ́jú 5, kẹ́ ẹ fọkàn sí ibi tó ń dùn. Ṣé ó ń gbóná ni àbí ó ń ta? Ṣé ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́? Ṣé ó ń rìn? Ẹ má lé e, ẹ má bá a jà, ẹ kàn rán ara yín létí pé kò sí ohun tó ń bàjẹ́ níbẹ̀. Ohun tó ń ṣìnà ni pé àwọn kan á máa yọjú wò bóyá ó ti lọ, ẹ̀rù náà ló sì tún wọlé yẹn. Bí ìrora bá ti tó 7 nínú 10 (0 ni pé kò dùn rárá, 10 ni èyí tó le jù), ẹ fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ sinmi.

Ní Colorado, ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi ìtọ́jú tó ní irú ìfọkànsí yìí nínú dán àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn wò fún ọ̀sẹ̀ 4. Èsì rẹ̀ jáde ní 2021. Nínú èèyàn 151, àwọn tó gbà á, ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún ló bọ́ lọ́wọ́ ìrora tàbí tó kù díẹ̀ kó bọ́. Nínú àwọn tó ń bá ìtọ́jú tàtẹ̀yìnwá lọ, ìdá 10. Bí a bá pín in dọ́gba, ìrora wọn jẹ́ bíi 4 nínú 10 péré nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, torí náà ẹ má fi ṣèlérí fún gbogbo ayé.

Ẹni tó ti ń lo Tramadol, oògùn ìrora tó lágbára, tipẹ́ kò gbọdọ̀ jù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Dókítà ni yóò bá a dín in díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣàlàyé gbogbo èyí, ẹ ní kí ẹni tó ń sanwó ìtọ́jú bá a wá. Ẹ sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé ìrora náà wà lóòótọ́, pé kò purọ́, pé kì í ṣe ọ̀lẹ, àti pé owó yẹn kò ṣòfò.