Aṣọ fún ọkọ̀ tí kò lè rìn

Màmá ń bá àbúrò wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù lówùúrọ̀ yìí, wọn kò sì mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn gáréèjì níbi tí mo ti ń tún Chevelle, ọkọ̀ Chevrolet àtijọ́ ti ọdún 1969, ṣe, tàbí kí ó jẹ́ pé wọ́n mọ̀. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ tí kò lè rìn dé ẹnu géètì, aṣọ ni Bàbá Ayọ̀ ń rán fún un." Èmi ni Bàbá Ayọ̀ náà. Àbúrò wọn rẹ́rìn-ín láti Oǹdó débi pé fóònù náà ń gbọ̀n. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, n kò rí ẹ̀rín kankan nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Iṣẹ́ tí mo ṣe lónìí kò pọ̀: mo tú awọ ẹ̀yìn àga iwájú, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha ìpẹtà ara sípíríǹgì rẹ̀, mo kùn ún ní ọ̀dà, mo sì sá awọ tuntun sóòrùn kí ó lè rọ̀. Oòrùn Houston ti ba dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ yìí jẹ́, ó là á láti ìhín dé ọ̀hún, ṣùgbọ́n fún awọ oníke kò sí olùrànlọ́wọ́ tó dà bíi rẹ̀, nítorí pé awọ tó bá tutù kì í nà, ẹni tó bá sì fi tipátipá fà á, ojú rírán rẹ̀ ni yóò ya.

Bí ó bá jẹ́ pé aṣọ òrùlé, èyí tó bo òrùlé ọkọ̀ láti inú, ni Màmá ń wí, mo ní àwíjàre. Kí gíláàsì iwájú tó wọlé ni ó yẹ kí a ti kan aṣọ òrùlé, nítorí pé etí irin tí gíláàsì náà ń jókòó lé ni a ń ká etí rẹ̀ sí. A ó fi àwọn ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e kọ́, a ó máa fà á láti àárín lọ sí iwájú àti ẹ̀yìn títí tí kò fi ní hunjọ mọ́, a ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ etí rẹ̀. Gíláàsì ti wà nílẹ̀ láti ìgbà tí a ti yọ ọ́ nítorí ìpẹtà, nítorí náà àsìkò òrùlé nìyí, ẹnikẹ́ni kò lè bá mi jiyàn. Ṣùgbọ́n àga? Àga ni ó ń wọlé kẹ́yìn, lẹ́yìn kápẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn bẹ́líìtì, lẹ́yìn ohun gbogbo. Kò sí ohun tó ń lé mi lórí àga. Ẹ́ńjìnnì ni ó yẹ kí n dojú kọ, ẹ́ńjìnnì sì wà ní igun lábẹ́ tàpólì, tí mo ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ mú abẹ́rẹ́.

Bóyá ohun tó dùn mí ni pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ délẹ̀. Ọkọ̀ yóò rìn lọ́jọ́ kan, ẹni tó bá sì wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ní fọwọ́ kan písítìnì. Àga ni yóò fara kàn, sítíárìn ni yóò dì mú, òórùn kápẹ́ẹ̀tì ni yóò gbọ́. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹẹsẹ láti fi dá wọn lóhùn nígbà oúnjẹ alẹ́, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni pè mí lẹ́jọ́.

Àwọn fúnra wọn ni wọ́n wọlé wá ní nǹkan bí agogo mẹ́rin, wọ́n ń wá garawa. Wọ́n rí aṣọ tí mo fẹ́ tẹ́ lé sípíríǹgì kí òwú má baà máa jò sí abẹ́ àga, wọ́n sì pariwo pé, "Ṣebí àpò kòkó rèé!" Bẹ́ẹ̀ náà ni, ọ̀kan náà ni fọ́nrán wọn. Ni wọ́n bá jókòó, wọ́n gbàgbé garawa, wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe ń rán ẹnu àpò lóko bàbá wọn, wọ́n sì gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n ká etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi òrùka wáyà so ó mọ́ sípíríǹgì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò tú. Mo ká a lẹ́ẹ̀mejì. Ó dára ju bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é lọ. Nínú èyí tí mo tú, ẹni tó fi púláyà tẹ àwọn òrùka náà kánjú gan-an, òmíràn kò tilẹ̀ padé lẹ́nu. Lóòótọ́, ọkọ̀ ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ń rìn.

Wọ́n dìde, wọ́n wo tàpólì, wọn kò sọ nǹkan kan. Ìbá sàn kí wọ́n sọ̀rọ̀...

Ìrọ̀rí orí àga ló kù báyìí. Lára àwo irin kékeré tó wà níwájú, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n tẹ "BAL" àti "02B", èyí ni pé Baltimore ni wọ́n ti to Chevelle yìí, ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejì ọdún 1969, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ti sọ ìrọ̀rí di dandan fún àga iwájú láti ọjọ́ kìíní ọdún náà. Mo yọ awọ ọ̀kan, mo sì rí i pé ọ̀dà ni wọ́n fi sọ ọ́ di dúdú. Àwọ̀ ewé ni ó wà nísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà ara àwo irin náà ṣe wí. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan nínú yín, tó ń kọ̀wé sí mi pé àwọ̀ ilé-iṣẹ́ ni kí n lò, yóò dùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé aṣọ ni mo ń rán, èmi ni yóò yan àwọ̀ rẹ̀, awọ tó sì wà lóòrùn láti àárọ̀, dúdú ni. Ẹ má fi ìwé ránṣẹ́ sí mi lórí ọ̀rọ̀ náà mọ́.