Ọmọ Ọdún Mélòó Ló Ń Sọ̀rọ̀?

Mo kọ ìtàn kan nípa ọjọ́ tí màmá àgbà wa jáde láyé. Ọmọ ọdún méje ni mí lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́ kí ọmọ yẹn fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Mo kọ ọ́ pé, "Ìbànújẹ́ dorí gbogbo agboolé kodò." Ọ̀rẹ́ mi kà á, ó ní, "Ọmọ ọdún méje wo ló ń sọ báyìí?" Ó dùn mí wọra, torí òótọ́ ni.

Ni mo bá padà sídìí àwọn ìwé tí ọmọdé ti ń sọ ìtàn, tí mo ti sáré kà kọjá nígbà tí mo wà níléèwé.

Great Expectations ti Charles Dickens ni mo kọ́kọ́ mú. Pip, tó ń sọ ìtàn náà, ò mọ bàbá rẹ̀ rí. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ lẹ́tà sára òkúta ibojì ló wò, tó fi rò pé bàbá òun á sanra, irun rẹ̀ á sì ká kò. Ojú ọmọdé pọ́ńbélé nìyẹn. Àmọ́ àgbàlagbà ni Pip tó ń sọ ọ́. Nígbà tí Joe alágbẹ̀dẹ, tó tọ́ ọ dàgbà, fẹ́ wá kí i ní London, Pip jẹ́wọ́ pé ká ní owó lè dá a dúró ni, òun ì bá san án. Ẹni tó ti dàgbà, tó ti kábàámọ̀, ló lè sọ bẹ́ẹ̀ síta.

Ti Huckleberry Finn yàtọ̀. Mark Twain ò fi àgbà kankan sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọmọ náà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn ran ẹrú lọ́wọ́ láti sá. Ó kọ lẹ́tà tó máa tú àṣírí Jim, ẹrú tí wọ́n jọ ń sá lọ, fún olówó Jim, ó mú un lọ́wọ́, ó ń gbọ̀n, ó sì fà á ya, ó gbà pé ọ̀run àpáàdì lòun ń lọ. Kò mọ̀ pé ohun tó tọ́ lòun ṣe. Àwa tá à ń kà á la mọ̀. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo sunkún.

Harper Lee, nínú ìwé rẹ̀ To Kill a Mockingbird ní 1960, da méjèèjì pọ̀. Àgbà ni Scout, ọmọbìnrin tó ń sọ ìtàn náà, tó ń rántí, àmọ́ lálẹ́ tí àwọn ọkùnrin fẹ́ wá pa Tom Robinson, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n fẹ̀sùn èké kàn, lẹ́nu ọgbà ẹ̀wọ̀n, ọmọdé ló bọ́ síwájú. Ó rí bàbá ọmọ kíláàsì rẹ̀ láàárín wọn, ó kí i, ó ní kó bá òun kí ọmọ rẹ̀. Wọ́n sì yí padà lọ sílé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ irú ìtàn yìí, kì í ṣe ọjọ́ orí ọmọ náà lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ nìkan lẹ máa rò. Ẹ bi ara yín pé ọmọ ọdún mélòó ló ń sọ ọ́ lónìí. Bó bá jẹ́ àgbà, ẹ jẹ́ kó kábàámọ̀ ní gbangba. Bó bá jẹ́ ọmọdé, ẹ yọ gbogbo àlàyé kúrò, kẹ́ ẹ fi ohun tójú rẹ̀ rí sílẹ̀.

Mo pa "ìbànújẹ́" rẹ́ nínú tèmi. Mo kọ ọ́ pé bàtà kún ẹnu ọ̀nà wa, mo kà á dé ogún, mo ṣì í kà. Mo kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n màmá mi fún mi lẹ́ran méjì láìtọrọ, mo fọwọ́ òsì gbà á, wọn ò sì bá mi wí.