Ọjọ́ tí ìgbín mi di ẹyin

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́, omi gbígbóná àti ọṣẹ ra irun àgùntàn pọ̀ títí yóò fi di aṣọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ fi yangàn fún yín. Ìlà ìgbín ni mo fẹ́ ṣe, ìlà tó ń yí wọ inú ara rẹ̀ bí ìkarahun ìgbín, irú èyí tí àwọn Celt, àwọn ẹ̀yà kan ní Yúróòpù ayé àtijọ́, ń fín sára asà àti dígí idẹ wọn. Àwo ńlá ni mo fi wọn ìyípo rẹ̀ kó má baà wọ́. Mo da omi gbígbóná àti ọṣẹ sí i, mo ká a mọ́ igi, mo yí i títí apá fi ro mí. Nígbà tí mo máa tú u, ẹyin ni mo bá níbẹ̀. Ó fún lápá kan, ó gùn lápá kejì, ìgbín mi dà bí ohun tí ilẹ̀kùn há.

Ara irun náà ló fa á. Ìpẹ́ wẹ́wẹ́ wà lára irun àgùntàn bíi ti ẹja, ojú lásán ò lè rí i. Omi gbígbóná àti ọṣẹ á ṣí ìpẹ́ yẹn, ọwọ́ tí ẹ fi ń ra á á mú kí irun kan wọ inú èkejì, ìpẹ́ wọn á kọ́ra, wọn ò sì ní lè padà sẹ́yìn mọ́. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ra ni aṣọ ń súnkì, apá ibi tí ẹ bá sì ń yí i sí ló máa ń súnkì sí jù. Èmi yí i láti òkè sí ìsàlẹ̀ nìkan. Ní báyìí, bí mo bá ti yí i tó ìgbà 50, mo máa tú u, mo máa gbé orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, mo máa tún un ká. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa dojú rẹ̀ délẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dán irun yín wò. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́, èmi náà ò fẹ́. Ẹ to èyí tí ẹ máa lò gan-an, kí òró àti ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ ṣe é títí yóò fi ki. Bó bá ku 13, ìṣirò yín nìyẹn: ohun tí ẹ fẹ́ kó jẹ́ 60 nígbà tó bá parí, 92 lẹ máa tò. Merino, irun àgùntàn tó fẹ́lẹ́, máa ń tètè súnkì, irun àgùntàn tó yi máa ń fa ìdí, nítorí náà ẹ má fi ìṣirò ọ̀kan ṣe èkejì. Èyí tí wọ́n bá kọ superwash sí lára, ẹ dá a padà sórí igbá. Wọ́n ti pa ìpẹ́ rẹ̀ kó má baà súnkì nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ẹ lè fi ọ̀sẹ̀ kan ra á, kò ní di nǹkan kan.

Àlàfo ló gbà mí lákòókò jù. Odindi ọdún 3 ni mo fi ń to ìlà dúdú sórí irun funfun láì wo àárín ìlà. Bí aṣọ ṣe ń súnkì ni àlàfo ń pa dé, irun dúdú á máa rá wọ inú funfun, àárín ìgbín níbi tí ìlà ti fún mọ́ra á sì di àbàwọ́n bíi ti epo mọ́tò. Mo rò pé irun dúdú mi ló pọ̀ jù. Mo dín in kù, ìlà wá rí hẹ́gẹhẹ̀gẹ.

Ọjọ́ kan ni mo ń fi abẹ gé ìlà ìgbín jáde lára aṣọ tí mo yí dé ìdajì, tí kò tíì ki tán. Mo gbé ìlà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo wo ohun tó ṣẹ́ kù lórí tábìlì. Ìgbín ni òun náà. Mo bá ṣe irú aṣọ ìdajì bẹ́ẹ̀ ní dúdú àti ní funfun, mo gé méjèèjì lọ́nà kan náà, mo fi ìlà dúdú sínú àlàfo funfun, mo fi funfun sínú dúdú. Ìgbín méjì jáde. Etí wọn mọ́, torí irun tó ti kọ́ra díẹ̀ kì í rìn gbéregbère mọ́. Àwọn tó fín dígí idẹ yẹn mọ eré yìí dáadáa: ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ìlà lẹ máa rí, ẹ tún un wò, àlàfo á gba ipò ìlà.

Ti orúkọ ńkọ́? Níbi àfihàn kan ní Bradford níbí ní England, ìlú tí irun àgùntàn sọ di olówó láyé ọjọ́un, mo gbé ìgbín mẹ́ta alásopọ̀ kọ́, irú èyí tó wà nínú Newgrange, ibojì òkúta àtijọ́ kan ní Ireland. Mo kọ "iṣẹ́ ọnà àwọn Celt" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó jẹ́ ọmọ Ireland dúró tì í, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, wọn ò tíì dé nígbà yẹn." Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu kí n wọ̀ ọ́. Ó ti lé ní ọdún 5,000 tí wọ́n ti kọ́ Newgrange, ó ṣáájú píramídì Giza. Òkúta ni wọ́n fi gbẹ́ ìlà yẹn sára òkúta. Nǹkan bí ọdún 450 ṣáájú ìbí Krístì ni ọnà àwọn Celt tí à ń pè ní La Tène, orúkọ ibì kan létí adágún omi Neuchâtel ní Switzerland, ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú. Ìwé Kells, ìwé Ìhìn Rere tí àwọn onísìn Krístì kùn ní nǹkan bí ọdún 800 lẹ́yìn ìbí Krístì, tún ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ní báyìí, orúkọ òkúta náà ni mo máa ń kọ sórí káàdì. Mi ò sì kọ pé ìgbín mẹ́ta dúró fún báyìí tàbí báyìí, torí ẹni tó gbẹ́ ẹ kò fi ìwé kankan sílẹ̀, bí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bùn tilẹ̀ ń ta ìtumọ̀ rẹ̀ bí ẹní ta ẹ̀pà. Oníbàárà kan rí orúkọ mi, ó bi mí bóyá àmì Ifá ni. Mo ní rárá, ma.

Ti ọwọ́: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ yìí nìyẹn. Ní ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́, ẹ fọwọ́ pa á bí ẹni tó ń pa orí ọmọ tuntun, torí ẹni tó bá fipá ra á nígbà yẹn á tú ìlà rẹ̀ ká. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka méjì fún ojú rẹ̀, kí ẹ fà á. Bí irun kò bá gbéra sókè, ẹ̀sọ̀ ti tán. Ẹ máa gbé e la tábìlì. Aládùúgbò mi ìsàlẹ̀ ti gun àtẹ̀gùn wá bi mí rí bóyá iyán ni mò ń gún.

Bó bá ki tán, ẹ ṣan ọṣẹ kúrò, ẹ fi fíníga díẹ̀ sí omi ìkẹyìn, ẹ fi táwẹ̀lì fún un. Nígbà tó ṣì tutù lẹ máa fa ìyípo rẹ̀ gún, torí bó bá ti gbẹ, bó ṣe wà náà nìyẹn. Ẹ má fi kọ́ okùn, omi tó wà nínú rẹ̀ á fà á gùn. Orí tábìlì oúnjẹ ni mo máa ń tẹ́ tèmi sí, ọjọ́ 2 tàbí 3, baálé mi á sì gbé àwo ẹ̀bà rẹ̀ lé itan.