Iná dé, íntánẹ́ẹ̀tì ò dé

Iná dé lálẹ́ àná, gbogbo àdúgbò pariwo "Up NEPA!" Ẹnu ìgbà yẹn ni íntánẹ́ẹ̀tì ilé wa dákẹ́. Àmì Wi-Fi á kún fọ́fọ́ lórí fóònù, á tún pòórá. Àbúrò mi ti sáré dé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé dátà yín ti tán ni?" Dátà kọ́.

Mo ṣí laptop, mo wo àdírẹ́sì IP tó gbà, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. 169.254 ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rí nọ́ńbà yẹn, kó mọ̀ pé ráútà (àpótí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì kiri ilé) ò fún kọ̀ǹpútà ní nǹkan kan, òun fúnra rẹ̀ ló fún ara rẹ̀ ní àdírẹ́sì. 192.168 ni tiwa máa ń fi bẹ̀rẹ̀. A jẹ́ pé inú ilé ni wàhálà wà, kì í ṣe lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á fún wa. (Ó tiẹ̀ dùn mí díẹ̀, mo ti múra èébú sílẹ̀ fún wọn.)

Mo pa ráútà, mo tún un tàn. Ó tàn, ó kú, ó tún tàn. Mo fọwọ́ kan ṣájà rẹ̀: ó gbóná janjan! Iná tó bá já wọlé pẹ̀lú agbára òjijì kì í fojú 're wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo yọ ti kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà, fóltì 12 (12V) kan náà ni, ámpù rẹ̀ (ìwọ̀n iná tó lè gbé jáde) ò kéré, ẹnu rẹ̀ sì bá ihò ráútà mu. Mo kì í bọ̀ ọ́. Kíá, WhatsApp bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Àbúrò ní, "Kámẹ́rà ńkọ́?"

Mo ní kí ajá ṣì máa bá wa wo ẹnu ọ̀nà títí a ó fi ra òmíràn.