Omi Tí Mo Tọ́ Wò

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bi mí léèrè ọkọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ojú ṣì ń tì mí.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ Ìyá Àgbà, ọkọ̀ mi. Ó ti lé ní 20 ọdún, àìsàn rẹ̀ kì í sì í tán. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, méjì ló gbé dé pọ̀: omi rédíétọ̀ ń dín, bátìrì náà ń kú mọ́jú. Lálẹ́, mítà á ní 12.6. Láàárọ̀, 11.3. Mo bá yí kọ́kọ́rọ́, á ṣe kí-kí-kí-kí bí ẹni tó ń fi mí ṣẹ̀sín.

Èmi tí n kò kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì rí, mo jókòó, mo ronú, mo ní olè kan náà ló ń jí méjèèjì. Omi ló ń jò sára wáyà kan, wáyà yẹn ló ń mu bátìrì gbẹ. Mo fi bírò ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyàwó mi nínú ìwé. Mo ya àwòrán. Mo tiẹ̀ fa ọfà sí i.

Mo wá tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ kí n lè rí ibi tó ń kán sí. Ọjọ́ kìíní, gbẹ. Ọjọ́ kejì, gbẹ. Ọjọ́ kẹta, omi! Róbótó báyìí, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, lábẹ́ ibi tí pọ́ǹpù omi wà gẹ́lẹ́. Mo pàtẹ́wọ́. Mo dojú bolẹ̀, mo fi ìka kàn án, mo rà á mọ́ àtàǹpàkò: kò yọ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe ọ́ìlì. Mo gbóòórùn rẹ̀, ó ń rùn díẹ̀, mo ní bóyá ó ti pẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì ni. Mo sì ti gbọ́ rí pé omi aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀ máa ń dùn lẹ́nu. Májèlé ni o, mo mọ̀. Ẹ má bínú sí mi. Mo tọ́ ọ wò.

Kò dùn.

Ibi tí mo ti ń ro ọ̀nà tí iyọ̀ gbà débẹ̀ ni ológbò aládùúgbò ti jáde lẹ́yìn táyà. Ó na ara, ó bọ́ sórí páálí, ó tún òmíràn tọ̀ lójú mi.

N kò lè fẹjọ́ sùn. Ẹni tó ni ológbò yẹn ló ń fi jọ́ńpà tan ọkọ̀ fún mi láràárọ̀.

Mo fi páálí sílẹ̀. Mo gbájú mọ́ ṣíṣọ́ omi náà fúnra mi, bí mo ti ń ṣe láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Kí n tó sùn, mo á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo á ṣí ọmọrí rédíétọ̀, mo á ti igi ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́, mo á wo ibi tó tutù dé. Bílẹ̀ bá mọ́, mo á tún wọ̀n ọ́n. Torí kí n má baà jí àwọn ará ilé, n kì í pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé gbàgà lálẹ́. Mo á kàn gbé e lé ìkọ́ àkọ́kọ́. Ṣebí mo ṣì máa ṣí i láàárọ̀? Mo ra tọ́ọ̀ṣì tuntun nítorí iṣẹ́ yìí. Tọ́ọ̀ṣì náà mọ́lẹ̀! Gbogbo inú ẹ́ńjìnnì á mọ́ roro bí ọ̀sán. Mo yìn ín fún ẹni mẹ́ta níbi iṣẹ́.

Nígbà tó sú mi, mo ké sí rìwáyà. Ó so mítà mọ́ ẹnu bátìrì, ó ní ọkọ̀ tó wà ní pípa kò yẹ kó fa ju mílíámpù 50 lọ. Tèmi ń fa nǹkan bí 850. Ó ń yọ fíúùsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé orí ọ̀kan, mítà já wálẹ̀ sí 30. Ó wo mí. Ó dá fíúùsì padà, ó wá fi ìka tẹ nǹkan kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Gílóòbù kan kú lókè orí mi.

“Bọ̀dá, ṣé ẹ kì í pa bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí dé ni?”

Ṣé ẹ rí tọ́ọ̀ṣì tí mo ń yìn?

Omi ni mo ń ṣọ́ lóru tí mo fi pa bátìrì. Ìyàwó mi wà lójú fèrèsé, ó ní, “Áà, iná yẹn! Mo máa ń rí i láàrin irin iwájú ọkọ̀ lóru. Mo rò pé ẹ ń mú un móoru ni.” Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko! Obìnrin tó lè ti yàrá kejì rí ìbọ̀sẹ̀ mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rí iná lóru fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní mò ń sin òròmọdìẹ. Òun gan-an ni kí ẹ bá mi bá wí.

Rìwáyà ní, “Omi ńkọ́?” Ó gba ọmọrí rédíétọ̀ lọ́wọ́ mi, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Rọ́bà inú rẹ̀ ti ya, ó la ẹnu sí mi. Rọ́bà yẹn ló ń há agbára mọ́ inú kí omi má baà hó ní 100. Bó ti ya, tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, omi á gba rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sá lọ sínú ike ẹ̀gbẹ́. Tí ike bá kún, á dà sójú títì. Ìdí nìyẹn tí páálí fi gbẹ nílé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi di ọmọrí náà mú lọ́wọ́ ọ̀tún, tí mo ń fi ọwọ́ òsì wá ibi tí omi ń gbà lọ.

A ra òmíràn tí wọ́n kọ 1.1 sí lórí bíi ti àkọ́kọ́. Ìyá Àgbà ti ń lọ ní tiẹ̀.

Àná, páìpù kan ń kán nílé ìdáná. Mo ké sí ìyàwó mi kó wá wò ó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

“Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ná, Dádì.”