Eéwo tí kò ní ọyún

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ kílíníìkì àwọn obìnrin, ojú ń tì mí díẹ̀ láti sọ èyí. Mo kéré nídìí iṣẹ́ nígbà náà, ní ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá kan tó ń ta kajú wọlé, ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún. Ìdí kan ló fi jókòó. Ó ní eéwo ti wà lójú ara òun láti ọdún méjì. Eéwo wo ní í lo ọdún méjì tí kò tú? Mi ò bi ara mi.

Mo rí kókó tó tó ọsàn wẹ́wẹ́, mo ní ìwú ẹṣẹ́ Bartholin ni, ẹṣẹ́ kékeré tó ń mú ẹnu ojú ara tutù, mo fi abẹ là á. Ọyún ò jáde. Ẹ̀jẹ̀ ni, àti ẹran líle funfun kan tó lọ́ mọ́ra bí òwú tí wọ́n ká. Ọ̀gá mi dé, ó wò ó, ó wò mí: "Ta ló rán ẹ?" Tíátà la gbé ìyá náà gbà, wọ́n yọ ọ́ tán. Láàbù ní fáíbírọ́ìdì ni, tó hù síbi tí kì í sábà hù sí.

Bí ẹ bá fi ojú agogo wo ẹnu ojú ara, itòsí aago 4 àti aago 8 ni ẹṣẹ́ Bartholin ń gbé. Kókó tó bá wà lókè ibẹ̀, ẹ ro nǹkan mìíràn. Ẹ ní kó dìde, kó wúkọ́; ìpákè máa ń sọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ fọwọ́ wá òkè kókó náà. Bí ọwọ́ ò bá kàn án, ẹ gbé abẹ sílẹ̀, ẹ wá ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara. Ó lè jẹ́ aggressive angiomyxoma, irú kókó kan tí àwọn dókítà Steeper àti Rosai kọ́kọ́ ṣàlàyé ní 1983. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ máa ń wọnú àgbá ìdí lọ, ó sì lè padà wá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́pọ̀ ìgbà, họ́mọ̀nù obìnrin ló ń bọ́ ọ. Kókó mìíràn tó ń jẹ́ angiomyofibroblastoma jọ ọ́, àmọ́ ààlà tirẹ̀ hàn kedere, kì í sì í sábà padà. Ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, láàbù ni.

Inú fọ́málììnì, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran rà, ni kí ẹ fi ohun tí ẹ bá yọ sí o! Mo ti rí èyí tí wọ́n fi omi lásán gbé wá, ó ti rà.

Ìyá náà padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ó fi ìdí méjèèjì jókòó, ó gbé ìgò kajú kalẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ máa jẹ ẹ́ o, dókítà. Èyí ò gba abẹ."