Ohun tí perchlorure tó ti gbó fojú mi rí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣe pátákó sẹ́kíìtì, èyí tí ilà bàbà ojú rẹ̀ ń gbé iná káàkiri inú ẹ̀rọ, fúnra yín nínú yàrá, mo mọ̀ pé ibi tó dùn jù nínú iṣẹ́ yẹn ni ìgbà tí ilà bàbà bá yọ kedere, tí ẹ fi omi ṣàn án, tí ẹ gbé e sókè wò. Ta ló ń rántí omi tó kù nínú abọ́, ìyẹn perchlorure, omi kíkan tó ń jẹ bàbà tí a kò fẹ́ kúrò lójú pátákó? Èmi náà ò rántí.

Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo gbé lítà kan àbọ̀ perchlorure tó ti gbó, mo dà á sí ìdí ògiri lẹ́yìn ilé wa lóru. Mo rò pé gbogbo ilé ti sùn. Àṣé ìyá àgbà jókòó sínú òkùnkùn níbẹ̀. Sìmẹ́ǹtì hó ṣàà bí epo àkàrà.

"Kí lo dà síbẹ̀ yẹn?"

"Omi lásán ni, Ìyá."

"Omi lásán kì í hó."

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí efinrin tí wọ́n ń já sọ́bẹ̀ fi gbẹ tòun ti gbòǹgbò. Àbàwọ́n rẹ̀ ṣì wà lára ògiri, ó pọ́n bí ìpẹtà. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ni kànga sí ibẹ̀, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n róorun sùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Pátákó tó wọ́pọ̀ lọ́jà, bàbà ojú rẹ̀ nípọn tó máíkírọ́nù 35. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 níbùú àti 10 lóròó, bàbà ojú kan rẹ̀ tó gíráàmù 3. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí bàbà inú omi mímu má ju mílígíráàmù 2 lọ nínú lítà kan. Lítà 1,500 ni gíráàmù 3 yẹn máa gbà kó tó rọ̀ débẹ̀, ìyẹn garawa onílítà 20 lọ́nà 75, fún pátákó kan ṣoṣo! Ẹja inú ọ̀sà ò tiẹ̀ lè fara da bàbà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ṣáà bomi là á, kẹ́ ẹ dà á sí gọ́tà, ẹ bi í pé garawa mélòó ló ní nílé.

Bí omi náà bá ti ṣú, tó ń fà sí àwọ̀ ewé, tí kò sì tètè jẹ pátákó mọ́, ẹ má rò pé ó ti kú. Bàbà tó jẹ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ti ìṣó kan bọ̀ ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀, ẹ yọ ọ́: ìṣó irin á ti wọ ẹ̀wù pupa. Ohun tí mo rí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ki kànrìnkàn onírin sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, níta gbangba, níbi tí kò sí iná. Irin á máa yòrò, bàbà á máa rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹrẹ̀ pupa.

Lẹ́yìn náà ni káún tàbí bicarbonate, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ń mú àkàrà òyìnbó wú, máa pa kíkan rẹ̀. Garawa oníke ni kẹ́ ẹ lò, kó tóbi ju omi náà lọ nílọ̀ọ́po mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì wọ ibọ̀wọ́ rọ́bà àti awò ojú. Ṣíbí kan, ẹ dúró kó hó tán, kẹ́ ẹ tó bu òmíràn. Lọ́jọ́ tí mo kánjú, mo da páálí bicarbonate kan sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ìfófòó rẹ̀ bá mi dé ẹsẹ̀. Bébà tí wọ́n fi ń wọn pH, ìyẹn bí omi ṣe kan tó, ló máa sọ ìgbà tó tó: láàárín 7 sí 8. Káún ọjà ò dọ́gba, ẹ má fojú díwọ̀n.

Ìkòkò alumíníọ̀mù kọ́, ẹ jọ̀ọ́. Omi yìí á jẹ ẹ́ pẹ̀lú ooru gbígbóná, á sì máa tú gáàsì tó lè gbiná. Eau de Javel, omi tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, ò gbọdọ̀ kàn án rárá, èéfín olóró ló máa jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo persulfate, kẹ́míkà mìíràn tó ń jẹ bàbà, ẹ má dé ìgò rẹ̀ pa, ó lè bẹ́.

Bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá ní ibi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí kẹ́míkà sí, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Èmi ò ní irú ẹ̀, mo wá ń fi ẹrẹ̀ náà àti omi orí rẹ̀ po sìmẹ́ǹtì àti iyanrìn, mo ń dà á sínú ike àtijọ́ títí á fi le bí òkúta. Kò sí ẹ̀kán kan tó bọ́ sílẹ̀. Ẹ má kàn fi mọ ilé o, iyọ̀ inú rẹ̀ máa ń jẹ irin. Abẹ́ òrùlé ni tèmi wà, níbi tí òjò ò dé.

Èyí tí mo ṣì ń lò wà nínú ike, ó dúdú bíi kóòkì. Mo kọ Faransé àti Yorùbá sára rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ò kàwé, ni mo bá ya agbárí sí i. Wọ́n wò ó títí.

"Ìyẹn náà, omi lásán ni?"